Òkúta Ojú Ọ̀run Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Orúkọ Mi Pè

Ẹ jókòó, ẹ má yìn mí mọ́. Dókítà ti sọ pé kíndìnrín mi méjèèjì ti kọṣẹ́, n kò sì ní gbé irọ́ yìí wọ ilẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ará ibi iṣẹ́ mi tí ẹ yí bẹ́ẹ̀dì mi ká, tí ẹ ní ẹ fẹ́ fi orúkọ mi pe òkúta tó ń yí oòrùn po láàárín pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì àti Júpítà, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi: olè ni mí.

Ẹ mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ òkúta náà la fi ń mọ bó ṣe ń yí. Èmi ni mo kọ́kọ́ kéde pé wákàtí mẹ́rin ló fi ń yí ara rẹ̀ po. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á mú, á tún rọlẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ti mú, mo kà á sí odindi ìyípo kan. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá kan náà, ló wá bá mi nídìí tábìlì. Ó ní, "Bọ̀dá mi, òkúta yìí gùn gbọọrọ bí ọ̀dùnkún ni. Bó bá yí ara rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa kọ ẹ̀gbẹ́ gbọọrọ sí wa, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á mú. Ẹ wò ó dáadáa, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ẹ̀kejì kì í tó ti ẹ̀ẹ̀kíní. Wákàtí mẹ́jọ ni."

Mo rí i. Kí ẹnikẹ́ni má gbèjà mi pé n kò mọ̀. Mo rí i lójú ẹsẹ̀, inú sì bí mi, nítorí wákàtí mẹ́rin yẹn ni mo fi dépò, òun ni mo fi ń yangàn káàkiri. Àgbàyà ni mí. Nígbà tó lọ jẹun, mo pa gbogbo ohun tó ti wọ̀n rẹ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà, mo wá lọ sọ fún ọ̀gá wa pé iṣẹ́ tí kò ṣe ló ń sọ pé òun ṣe. Ọ̀gá pè wá, ó ní kí àbúrò mi fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Kò rí nǹkan kan fi hàn. Ó yíjú sí mi: "Bọ̀dá mi, ẹ̀yin náà rí i. Ẹ bá mi sọ fún wọn." Mo ní, "Èmi ò rí nǹkan kan o." Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, mo tún òkúta náà wọ̀n, mo kéde wákàtí mẹ́jọ, orúkọ èmi nìkan ni mo fi sí i. Ẹ̀yin yìí lẹ dìde tí ẹ pàtẹ́wọ́, tí ẹ ní ẹ ò rí onírẹ̀lẹ̀ bí tèmi rí, ẹni tó lè tún àṣìṣe ara rẹ̀ ṣe. Inú yín ń bí mi. Kò sẹ́ni tó bi mí pé àbúrò rẹ ńkọ́. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ dá lẹ́bi, bí kì í bá ṣe ara mi?

Mo pè é láàárọ̀ yìí. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé báyìí. Mo ní orúkọ rẹ̀ ni màá ní kí wọ́n fi pe òkúta náà. Ó ní, "Ẹ má wulẹ̀ dààmú. Lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe orúkọ ni mo ń wá. Ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń wá."

Ẹ lọ bá mi bẹ̀ ẹ́. Èmi ti bẹ̀ ẹ́, kò gbà, kò sì jẹ̀bi.