Ohun Tí Dísù Mọ̀ Nípa Ọkọ̀ Náà

Ẹ̀yin jámáà, kí àlàáfíà Ọlọ́hun máa bá gbogbo wa gbé, àtẹ̀yin tí ẹ wà lábẹ́ àtíbàbà, àtẹ̀yin tí oòrùn ń pa lẹ́yìn yẹn. Ẹ sún mọ́ra, ibòòji kò ní tán. Ọ̀rọ̀ wa tòní kò gùn. Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, sọ pé ẹni tó bá rẹ́ wa jẹ kì í ṣe ara wa. Ṣé ẹ gbọ́? Kò sọ pé ẹni tí àṣírí rẹ̀ bá tú. Ó ní ẹni tó bá rẹ́ wa jẹ. Bí o bá mọ àbùkù iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, dandan ni kí o sọ ọ́. Ẹ gbọ́ ìtàn Dísù.

Ìdí-Ọ̀mọ̀ ni Dísù ń gbé, abúlé kan létí ọ̀sà. Iṣẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ láti ìran dé ìran. Láyé àwọn bàbá ńlá wọn, igi kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń gé, wọ́n á fi àáké àti iná gbẹ́ inú rẹ̀ títí yóò fi di ọkọ̀. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní oríkèé, kò síbi tí ènìyàn lè fi nǹkan pamọ́ sí. Ìgbà tí igi ńlá di ọ̀wọ́n ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi pákó kàn án. Wọ́n á kan pákó mọ́ pákó, wọ́n á ki òwú bọ àlàfo, wọ́n á fi ọ̀dà lé e. Ọkọ̀ wá ń tóbi, ó ń gba ọgọ́ta ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà rí i pé ibi tí àlàfo bá pọ̀ sí, ibẹ̀ ni irọ́ ń sá pamọ́ sí. Ni wọ́n bá fi àṣà kan lélẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ pọn omi kún inú ọkọ̀ tuntun lórí ilẹ̀, kí gbogbo ayé wò ó bóyá yóò jò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó kàn án yóò gbé ọwọ́ lé e, yóò sì sọ níwájú àwọn ènìyàn pé: "Ohun tí mo mọ̀ nípa ọkọ̀ yìí, ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n." Ó parí. Ìgbà náà ni wọ́n á tó tì í sómi.

Bàbá Kásúmù, oníṣòwò ẹja gbígbẹ, gbé iṣẹ́ ọkọ̀ ńlá kan fún Dísù. Ọjọ́ Jímọ̀ ni yìgì Sífáwù, ọmọbìnrin Bàbá Kásúmù, lódìkejì ọ̀sà, ọkọ̀ yìí ni yóò sì gbé ìyàwó àti ẹbí lọ. Ọkọ̀ ti parí tán nígbà tí Dísù fi ìka tẹ pákó ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìka wọlé! Kòkòrò ti jẹ inú pákó náà, ihò rẹ̀ tó àtàǹpàkò. Bí yóò bá pààrọ̀ rẹ̀, yóò tú iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ. Ọjọ́ mélòó ló kù? Méjì péré.

Sàítáánì kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ó ní, "Dísù, ṣé ìwọ lo jẹ pákó ni? Kòkòrò mà ni."

Dísù ní, "Òótọ́ ni o."

Ó gbẹ́ igi kékeré kan, ó gbá a wọ ihò láti inú, ó fi ọ̀dà bò ó. Ẹ wo ọgbọ́n burúkú! Bí omi bá kún inú ọkọ̀, omi á tẹ igi náà mọ́ ihò, kò ní jò. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá dé orí ọ̀sà, omi ìsàlẹ̀ ni yóò máa tì í, díẹ̀díẹ̀, títí… Ẹ̀yin ìyá, ta ni yóò wà nínú ọkọ̀ nígbà náà?

Ọjọ́ Àlàmísì pé. Wọ́n pọn omi kún ọkọ̀. Wọ́n wò ó, wò ó, ẹ̀kán kan kò jò.

"Àlíhámúdù lílà! Dísù, ọwọ́ rẹ kò ní rọ!"

Wọ́n gbọ́n omi jáde. Bàbá Kásúmù ní, "Ó yá, sọ tìrẹ ká tì í sómi."

Dísù gbé ọwọ́ lé ọkọ̀. Ó wúkọ́. "Ohun tí mo mọ̀…" Ó mú ọwọ́ kúrò. "Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlùwàlá ná."

Ó lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó dé.

"Ohun tí mo mọ̀ nípa… Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun láti àárọ̀! Àbí oúnjẹ ni wọ́n fi ń ti ọkọ̀ sómi?"

Sífáwù, tó ti lé làálì sọ́wọ́ sẹ́sẹ̀, kígbe pé, "Bọ̀ọ̀dá Dísù, ẹ ṣàánú mi, ọkọ mi ń darúgbó lọ́hùn-ún!"

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Dísù náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọmọ náà. Àárín ọkọ̀ ni ìyàwó yóò jókòó sí, lórí pákó yẹn gan-an. Omi ti jẹ́rìí sí iṣẹ́ Dísù. Èrò ti jẹ́rìí. Ẹnu tirẹ̀ nìkan ló kù, ẹnu náà sì wúwo bí òkúta.

"Bàbá," ó ní, "ohun tí mo mọ̀ nípa ọkọ̀ yìí, ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n."

Dísù rá wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi òòlù gbá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Igi náà fò sókè sínú ọkọ̀, ìmọ́lẹ̀ sì yọ nínú ihò.

"Olè!" ni ẹnì kan wí.

Bàbá Kásúmù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ihò náà. "Olè kì í júwe ihò fún onílé," ó ní. "Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, Dísù! Báwo ni màá ṣe gbé ìyàwó lọ lọ́la?"

Sífáwù ló fèsì. "Bàbá, ọkọ̀ àgbẹ́ ayé àtijọ́ ò ha wà létí ọ̀sà? Ká yá a. Ká pààrà."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Ọkọ̀ àgbẹ́ márùn-ún, ìrìn mẹ́ta. Dísù fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ ìyàwó, wọ́n sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí dé èbúté: "Dísù, ṣé o ti jẹun?" Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wa ọkọ̀ lọ. Sífáwù dé ilé ọkọ pẹ̀lú omi lẹ́sẹ̀, ẹ̀rín lẹ́nu, ẹ̀mí lára. Lẹ́yìn yìgì, Dísù tú ọkọ̀, ó fi pákó tuntun sí i, kò gba nǹkan kan lé e. Nígbà tí ọkọ̀ náà fi máa dómi, Bàbá Kásúmù ti ń gé igi sílẹ̀ fún èkejì. Wọ́n bi í ta ni yóò kàn án. Ó ní, "Gbogbo yín lẹ mọ ọkọ̀ kàn. Dísù nìkan ni mo mọ̀ pé kò ní lè fi àbùkù pamọ́ fún mi."

Ìwọ aránṣọ, ìwọ mẹkáníìkì, ìwọ tí o ń mọ ilé tí ọmọ ẹlòmíràn yóò sùn sí, ṣé o gbọ́? Ìtìjú ọjọ́ kan kì í pani. Ọlọ́hun ọba, fi ọ̀nà mọ̀ wá. Fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa. Má ṣe jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ fi ẹ̀mí san ẹ̀ṣẹ̀ wa. Jẹ́ kí òtítọ́ rọ̀ wá lẹ́nu nígbà tí ó ṣì lè gba ẹnì kan là. Áàmín.