Okùn Kàǹga Kò Já

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yí mi ká nílé ìwòsàn yìí, tí gbogbo wa jọ fẹ́ jáwọ́ nínú oògùn olóró, àti ìwọ àbúrò mi tí mo ní kí nọ́ọ̀sì bá mi pè sórí fóònù, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kẹ́rù tó tún bà mí: okùn yẹn kò já. Èmi ni mo fi ọ̀bẹ gé e.

Kàǹga là ń gbẹ́. Àbúrò mi ló ń wọ inú ilẹ̀ lọ. Èmi tí ikùn mi á há sẹ́nu kàǹga ni mo ń di okùn mú. Òfin kan ni bàbá wa fi kọ́ wa níṣẹ́: ẹni ìsàlẹ̀ á máa béèrè bóyá ẹni òkè wà níbẹ̀, ẹni òkè á sì dáhùn pé, "Mo wà." Ẹni òkè kì í dákẹ́.

Awakọ̀ tó ń kó òkúta wá fún wa ló kọ́kọ́ fún mi ní áìsì, oògùn olóró kan tó rí bíi yìnyín. "Ọ̀gá, ẹ fa èéfín ẹ̀ díẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ pé ó ń rẹ̀ yín." Òótọ́ ló sọ, ibẹ̀ ló ti burú. Oúnjẹ kò wù mí mọ́, oorun sá, mo họ ara mi di egbò, mo sì ń fura sí ìyàwó mi pé ó ń bá àwọn aládùúgbò sọ̀rọ̀ mi. Bí mi ò bá fà á, mi ò lè dìde. Bí mo bá fà á, mi ò lè jókòó. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ pé òní ló máa parí, òpùrọ́ ni mí.

Lọ́jọ́ náà, áìsì ti tán lọ́wọ́ mi. Mò ń fa àbúrò mi gòkè, ó ti dé ìdajì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ wà ńbẹ̀?" Mo gbọ́ o. Ẹnu mi ò là. Oorun tí mo ti ń lé láti ọjọ́ pípẹ́ gbé mi lọ, ọwọ́ mi sì tú.

Igbe rẹ̀ ló jí mi. Kí n tó ké sí ẹnikẹ́ni, mo fi ọ̀bẹ gé okùn tó ṣẹ́kù lókè, mo sì ń fi òkúta họ ojú ibi tí mo gé, kó lè dà bí èyí tó já. Ó ń kérora nísàlẹ̀, èmi ń họ okùn. Èèyàn kọ́ ni mí lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tó yá, tí àwọn èèyàn ti yọ àbúrò mi jáde, ó fi ẹsẹ̀ tó kán wọ́ lọ bá ẹni tó ta okùn fún wa jà. Ó ní, "Okùn yín ni ò dáa! Ẹ̀gbọ́n mi ò lè fi mí sílẹ̀ láyé!"

Nọ́ọ̀sì ní àìsàn ni kí oògùn di bárakú síni lára, ó ṣeé tọ́jú, àmọ́ ẹni tó bá ń dá nìkan bá a jà máa ń padà sídìí ẹ̀. Ẹ bá mi sọ fáwọn ọmọdé ilé yín, kí wọ́n má tọ́ ọ wò rárá.

Ìwọ àbúrò mi, mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni nǹkan yìí ṣì ń pè mí, mi ò sì lè dá jáde. Àbúrò mi, ṣé o wà ńbẹ̀?