Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Tí Mo Rí Nínú Iná

Ẹ̀yin ará, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Mo mọ̀ pé tí èmi Ìyá Dàpọ̀ oníke bá ti dìde láti jẹ́rìí, ẹ̀rín ni ẹ kọ́kọ́ ń wá. Lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa ẹnu mọ́.

Ọ̀sán Ọjọ́rú tó kọjá, mo parí àdúrà nínú ṣọ́ọ̀bù mi, mo gbé orí lé àwọn abọ́ ike tí mo tò jọ, oorun sì gbé mi lọ. Mo rí ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun, ó dúró tì mí. Mo ní, "Bọ̀dá, ṣé báàfù lẹ fẹ́ ni àbí bọ́kẹ́ẹ̀tì?" Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dìde, tẹ̀ lé mi." Ẹsẹ̀ mi kò kan ilẹ̀ mọ́.

Ó kọ́kọ́ mú mi dé ibi títura kan. Mo rí ìyá arúgbó tó máa ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa kó tó kú, ó na ẹsẹ̀, àwọn tó dé adé ń bu omi fún un. Mo ní, "Ìyá, ẹ ò gbálẹ̀ mọ́?" Ó ní, "Níbo ni ìdọ̀tí wà?" Mo fẹ́ jókòó tì í. Ọkùnrin náà ní àyè mi kò tíì sí níbẹ̀.

A wá sọ̀kalẹ̀. Ooru kọ lù mí. Àwọn òpùrọ́ ń jẹ ahọ́n ara wọn, ahọ́n náà ń hù padà. Àwọn alágbèrè dì mọ́ òpó irin tó pọ́n, wọn kò lè jáwọ́. Àwọn aninilára ń ru òkúta tó ń sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn wọn ni mo gbọ́ ẹ̀rín. Ẹ̀rín, ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹnu àwọn kan là sílẹ̀, kò lè padé, ẹ̀rín ń tú jáde, ẹ̀jẹ̀ ń tẹ̀ lé e.

Ọkùnrin náà ní, "Ẹnìkan sọ ìrora rẹ̀ fún wọn, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́."

Àga kan ṣófo láàárín wọn. Ìwé ẹ̀bẹ̀ kan wà lórí rẹ̀, ó ń jó, kò jó tán. N kò mọ̀wé púpọ̀, àmọ́ mo ka orúkọ tó wà níbẹ̀: Mojí.

Mojí ọ̀rẹ́ wa, ìyàwó akọ̀wé ìjọ. Lóṣù tó kọjá ló sọ fún èmi, Ìyá Dára àti Rónkẹ́ pé ọkọ òun ń lu òun. Mo ní, "Ọkùnrin tó ń ka ìfilọ̀ bíi pé ó ń rẹ ọmọ lẹ́kún? Mojí, ṣé ìrọ̀rí ló fi ń lù ẹ́ ni?" A rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó bú sẹ́kún, mo ní, "Kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀bẹ̀, jù ú sínú àpótí ẹ̀bẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ọlọ́run á kà á."

Mo bi ọkùnrin náà pé, "Ṣé Ọlọ́run kà á?"

Ó ní, "Ó kà á. Ta ló ń ṣí àpótí yín?"

Yéè! Akọ̀wé ni, akọ̀wé ló ń ṣí i, mo mọ̀, gbogbo wa la mọ̀, ẹ̀rín ni kò jẹ́ kí n rántí, mo ké, àga náà ń sún mọ́ mi, mo ké, mo ta jí, gbogbo ike ti dà lé mi lórí.

Mo sáré lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ìyá Dára ní, "Ẹ̀wà tó o jẹ yó ni." Rónkẹ́ ní, "Ìwọ tó o rí ewúrẹ́ tó ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́sí?"

"Àwàdà nìyẹn!"

"Èyí náà ńkọ́?"

Mo búra, wọ́n túbọ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni mo mọ bó ṣe ń dunni tó.

Mo lọ sílé Mojí, ẹni tí ọkọ rẹ̀ sọ fún wa pé ibà ló dá a dúró sílé. Mo ní, "Mojí, mo gbà ọ́ gbọ́." Ó la ẹnu. Eyín iwájú méjì ti lọ. Ó ní, "Ó mú ìwé náà wálé. Ó ní kí n kà á sókè fún òun."

Akọ̀wé wa, ẹ jókòó, ẹ má tíì sáré. Ìyá Dára, Rónkẹ́, ẹ lè pe tèmi ní àlá, mi ò bá yín jà. Àmọ́ àga yẹn ṣì ṣófo, kò sì sọ pé èmi nìkan ni òun ń retí. Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá sọ ìrora rẹ̀ fún yín, ẹ gbọ́ ọ tán.

Mojí, ìwọ tó o bá mi wá lónìí, bọ́ síwájú. Sọ tìrẹ.