Lẹ́tà Clement Lára Ògiri Ọ̀kà

Láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà, láti Afìn dé Ìfira, kò sí ẹni tó mọ lẹ́tà tó ń sáré kọ bí èmi Lábọ̀dé. Bí ẹ bá rí lẹ́tà gàdàgbà lára mọ́tò, tó sanra, tí kò nírù, tí kò lẹ́sẹ̀, tó dàgẹ̀rẹ̀ sọ́tùn-ún bí ẹni tó ń lé bọ́ọ̀lù, ẹ béèrè ẹni tó kọ ọ́. Wọn á ní, "Ta ni ì bá tún jẹ́? Lábọ̀dé ni." Irọ́ ni. Irọ́ gbuu ni. Ọ̀la ni dókítà fẹ́ la ikùn mi nítorí ìpá, n kò sì fẹ́ kí wọ́n bá irọ́ náà nínú ibẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ránṣẹ́ pe Clement láti Ọ̀kà, tí mo ní kí Ojúọlá ìyàwó mi jókòó tì wá létí bẹ́ẹ̀dì, tí mo sì tú ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Clement ló ni lẹ́tà náà. Ọwọ́ lásán ló fi ń kọ ọ́, kò lo rúlà, kò ta okùn. Àwọn onígbàjámọ̀, àwọn onímọ́tò, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, gbogbo wọn ń wọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Òkú nìkan ni kì í fi kọ nǹkan fún. Ó ní, "Òkú ò kánjú mọ́." Tèmi ńkọ́? Lẹ́tà tèmi nàró ṣánṣán bí ọmọ iléèwé lórí ìlà. Bí mo bá ní kí wọ́n dàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀, wọn a ṣubú lura wọn bí ọ̀mùtí. Lọ́dún 1987, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ mọ́tò tí Clement bá kọ nǹkan sí lára. Bí awakọ̀ bá ti wọlé lọ jẹ iyán ní Ìkàrẹ́, màá tẹ́ ìwé àpò sìmẹ́ǹtì sára mọ́tò, màá fi èédú tọ ipasẹ̀ lẹ́tà, màá sáré ká a. Mọ́tò méje ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí kí a-bí-dí tó pé. Mo gé e níhò-níhò, mo ń kun ọ̀dà sínú ihò, mo di ọ̀gá ní kọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀. Ẹ wo olè tó jí ọwọ́ ẹlòmíì gbé!

Ká ní ibẹ̀ ni mo dúró sí, bóyá ǹ bá má yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àmọ́ Clement ń fẹ́ Ojúọlá, ọmọ Bàbá Ọdẹ́yẹmí ní Ọ̀kà, wọ́n sì ti mú ọjọ́. Èmi náà ń fẹ́ ẹ. Mi ò kàn tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ni, títí kan Ojúọlá.

Lọ́jọ́ ìkórè, nígbà tí gbogbo àdúgbò wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo dé fìlà pupa irú ti Clement, mo gbé àkàbà ti ògiri Bàbá Ọdẹ́yẹmí, lọ́sàn-án gangan. Mo kọ ọ́ sí i gàdàgbà: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ẹ sáà mọ ìtumọ̀ ìyẹn: ẹnìkan nínú ẹbí ń ta ilé lẹ́yìn àwọn yòókù. Mo dé orí T kejì nígbà tí Ìyá Àwẹ̀ró, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, yọ síta. Ojú rẹ̀ ò ríran jìnnà mọ́. Ó ní, "Clement, o ò lọ ìkórè? Áà, iṣẹ́ àna ò jẹ́ kéèyàn sinmi! Gba omi mu." Ọkàn mi ní kí n sá. Ẹnu mi ní, "Ẹ ṣé, ìyá." Mo mu omi Clement tán, mo tún ní kí wọ́n bù sí i. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, omi yẹn ló burú jù.

Nígbà tí Bàbá Ọdẹ́yẹmí dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya aṣọ mọ́ra rẹ̀ lọ́rùn. "Ẹni tí mo fẹ́ fún lọ́mọ ló ń pè mí lólè lójú ìlú?" Clement, tí kò lọ ìkórè lóòótọ́, dọ̀bálẹ̀, ó búra. Wọ́n ní, "Ta ló tún ń kọ lẹ́tà tó ń sáré?" Ìyá Àwẹ̀ró sì jẹ́rìí pé òun fún un lómi. Ìgbéyàwó fọ́. Lọ́dún kejì, mo fẹ́ Ojúọlá, lẹ́tà tó ń sáré yẹn náà ni mo fi ṣe ìwé ìpè.

Ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń retí ìgbájú. Clement kò wojú mi.

"Lábọ̀dé, Bàbá ń ta ilé yẹn lóòótọ́."

"Kí lo wí?"

"Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ síwèé. Lẹ́tà yẹn ló lé ẹni tó fẹ́ rà á lọ. Àwọn àbúrò Bàbá yọ́ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n fún mi ní àgbò kan àti oko kòkó lọ́nà Ìfira, wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní èmi kọ́ o. Wọn ò gbọ́. Nígbà tí wọ́n wá lẹ́ẹ̀kẹta, mo ní èmi ni. Oko yẹn ni mo fi rán àwọn ọmọ mi níwèé. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Orí mi dàrú. Ta ló yẹ kó dárí ji ta? Ṣé kí n máa bẹ̀bẹ̀ ni, àbí kí n béèrè ìdajì àgbò mi? Mo bú sẹ́kún, Clement náà bú sẹ́kún, nọ́ọ̀sì sáré yọjú, ó ní ta ló kú. Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ń tẹ kọ̀ǹpútà, tí lẹ́tà yín ń dàgẹ̀rẹ̀ láìlàágùn, ẹ má dáhùn orúkọ tí kì í ṣe tiyín láé. Bó burú, ẹ gbé. Bó dára, ẹ gbé.

Mo yíjú sí ìyàwó mi. "Ojúọlá, ọwọ́ rẹ lọ̀rọ̀ kù sí. Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń tàn ọ́ jẹ. Dárí jì mí, kí n tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ."

Ojúọlá ṣí fúláàsì, ó wo inú rẹ̀, ó dé e padà.

"Bàbá Bíọ́dún," ló wí, "ògiri yẹn mà ti wó nínú òjò èṣí, tòun ti lẹ́tà ara rẹ̀."