Èmi Ni Mo Kan Ilé Ọmọláńgidi Náà

Ẹ má ní kí n jókòó, Màmá Paraschiva, mi ò lè jókòó, bí mo bá fìdí kalẹ̀ ẹkún ló máa gbà mí, bẹ́ẹ̀ mi ò ní sunkún nítorí Crina, àbúrò mi ni, èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà, mo kàn fẹ́ kí ẹnìkan gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí àyà mi tó bẹ́ ni: Ilinca ọmọ ẹ̀ wo ojú mi láàárọ̀ yìí, ó ní, "Àǹtí, ẹ bá wa tú ilé ọmọláńgidi tí màmá mi kọ́ fún mi, a fẹ́ gbé e lọ sí Ítálì." Ilé tí màmá ẹ̀ kọ́. Ẹ gbọ́ ná. Àbí ẹ̀yin náà rí Crina tó ń kan pátákó nínú ilé yìí?

Nígbà tí Crina ń lọ sí Torino ní Ítálì lọ tọ́jú bàbá arúgbó ará ibẹ̀ yẹn, ọmọ náà ò tíì lè pe orúkọ ara ẹ̀ já gaara. Ẹ̀yin náà wà ńbẹ̀, orí àtẹ̀gùn yìí lẹ dúró sí, ẹ ń juwọ́ sí i. Ọdún kan péré ló pè é. Eyín iwájú ọmọ ti yọ, ó ti tún òmíràn hù, Crina ò tíì dé. Ta ló ń di irun ẹ̀? Ta ni tíṣà ń ránṣẹ́ pè nígbà tó gé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀ jẹ? Ibà tó mú un nígbà òtútù yẹn ńkọ́, àyà ta ló sùn lé?

Ó dáa, mi ò ka ìyẹn sí. Ọlọ́mọ ló lọmọ, ẹ ti sọ ọ́ fún mi títí ó ti sú yín. Ilé ọmọláńgidi yẹn gan-an ni mò ń bá wí.

Ọkọ̀ tó máa ń kó ẹrù wá láti Ítálì ló já páálí tí Crina fi ránṣẹ́ fún ọjọ́ ìbí ọmọ náà sílẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbé e gòkè, mo ṣí i, kò sí ilé kankan nínú ẹ̀. Pátákó ni, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi bísíkíìtì, ìdì lórí ìdì, pẹ̀lú ìṣó wẹ́wẹ́ nínú ọ̀rá, àti ìwé kan tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú, àwòrán lásán ni, ọkùnrin kékeré kan ló di hámà mú tó ń rẹ́rìn-ín. Mo pe Crina. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kò le rárá, wọ́n ní ọmọdé gan-an lè kàn án."

Èmi Saveta, tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ àti òwú ni mo fi ń jẹun. Mi ò gbá ìṣó rí láyé mi. Àwòrán mímọ́ tó wà ní pálọ̀ mi, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ bá mi fi kọ́ ògiri?

Ògiri ẹ̀yìn ni mo kọ́kọ́ kàn síwájú. Mo tú u. Mo wá kan àtẹ̀gùn, ó dojú dé, ẹni tó bá fẹ́ gùn ún orí ni yóò fi rìn. Mo tún tú u. Hámà lu àtàǹpàkò mi títí èékánná fi dúdú, wọ́n ń bi mí níbi iṣẹ́ bóyá ilẹ̀kùn ló pa mí lọ́wọ́, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi. Ó yé mi pé ẹ̀gbẹ́ tó dán ló ń kọjú sínú. Mo fi sánpépà ha gbogbo etí pátákó títí ó fi dà bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́, kí ẹ̀gún má baà gún un. Mo rán kọ́tìnì sí wíńdò. Kò sí kọ́tìnì nínú páálí Crina o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn. Òrùlé ẹ̀ wọ́ díẹ̀ sọ́tùn-ún, mo gbà, àmọ́ òrùlé ta ni ò wọ́ ládùúgbò yìí? Tiwa yìí ńkọ́, ṣé kò jò ni?

Ọjọ́ ìbí ẹ̀ pé, mo ṣí aṣọ kúrò lórí ẹ̀. Ọmọ náà pariwo, ó sáré bọ̀. Mo ti na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ de é. Ó gba abẹ́ ọwọ́ mi kọjá, Màmá Paraschiva, ó lọ gbé fóònù. "Màmá, ilé mi ti dé, ó mà rẹwà o, ẹ ṣé." Ó fẹnu ko gíláàsì fóònù lẹ́nu. Gíláàsì. Èmi wà lẹ́yìn ẹ̀, ọwọ́ mi ṣì nà bí ti ère. Crina náà ò sì sọ pé, "Àǹtí ẹ ló kàn án." Ohun tó sọ ni pé, "Mo mọ̀ pé èyí tó ní bálíkónì lo máa fẹ́."

Kí lẹ wí? Kí n sọ fún un nígbà yẹn? Kí n máa bẹ ọmọdé pé kó jọ̀ọ́ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi? Àgbà ni mí, ojú ń tì mí.

Owú ni. Ẹ má wulẹ̀ fi abẹ́ ahọ́n sọ ọ́, owú ni. Mò ń jowú obìnrin tó ń fọ ìdí bàbá oníbàbá nílùú onílùú kí ọmọ yìí lè rí bàtà wọ̀. Mo mọ bó ṣe ń dún létí. Mo máa ń bẹ Ọlọ́run lórí ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí mo bá dé ilé tí mo gbọ́ tí ọmọ náà ń pe "màmá, màmá" sínú fóònù, gbogbo àdúrà yẹn á sì gbẹ lẹ́nu mi.

Crina wá wá ṣọdún Àjíǹde, tòun ti lọ́fínńdà àti irun tuntun. Mo ti yan cozonac, búrẹ́dì dídùn ọdún wa, mo ti pa ẹyin láró pupa, Ilinca ò wo apá ibẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ìyá ẹ̀ bí èèmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Crina wo ilé náà, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, òrùlé yìí mà wọ́ o." Gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tiẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Mo lọ síbi iṣẹ́. Kí n tó dé, ó ti mú ṣukudiráfà, ó ti tú òrùlé, ó ti tún un ṣe, ó sì tọ́. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, ó tọ́ ganran. Àwọn méjèèjì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ẹ̀, wọ́n forí korí, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ti wọlé.

Ní báyìí tí ilé ìwé ti padé, Crina tún ti dé, ó ní òun wá mú ọmọ lọ. Pátápátá. Dírẹ́bà ọkọ̀ ní ilé náà ò lè wọ àárín ẹrù bó ṣe wà, àfi kí wọ́n tú u. Wọ́n ní èmi ni kí n tú u, torí pé èmi ni mo mọ bó ṣe so pọ̀. Ẹ ò rí nǹkan? Ìgbà tó di títú ni wọ́n tó rántí ẹni tó kàn án.

Mo gbìyànjú. Ẹ fọkàn balẹ̀, mo gbìyànjú, mo ki ọ̀bẹ bọ ẹ̀gbẹ́ ògiri, kò mì. Ọ̀gbẹ̀rì ṣáà ni mí, àfi òrùlé nìkan, gbogbo ibi tí pátákó ti kan pátákó ni mo da gọ́ọ̀mù sí, kó má baà wó lé ọmọ lọ́wọ́. Pátákó fẹ́ ya, mo fi í sílẹ̀. Crina wá ní, "Ẹ má dààmú ara yín, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọ́ ọ dànù, màá ra òmíràn fún un lọ́hùn-ún." Mo wo ojú ọmọ. Mo rò pé yóò figbe ta. Ó ní, "Màmá, ṣé òmíràn yẹn máa ní lífítì?"

Rárá, mi ò bínú sí i. Ọmọdé ni. Ẹni tó bá ń lọ, iwájú ló ń wò.

Ṣùgbọ́n mo fi sàréè ìyá wa búra, bí wọ́n bá fọ́ ilé yẹn, mi ò ní sìn wọ́n dé ìdí ọkọ̀. Wọ́n ti lọ ra bàtà tó máa wọ̀ rìnrìn-àjò, wọn ò ní pẹ́ dé. Ẹ dìde, ẹ bọ́ épúrọ́ọ̀nù yẹn sílẹ̀. Ẹ bá mi gbé e sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀dọ̀ mi lókè wá síbí, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò yín, kó má bọ́ sí mi lójú lójoojúmọ́, kó má sì ṣègbé. Bí Crina bá béèrè, ẹ ní ọ̀dọ̀ yín ló wà, ẹ ní ẹ ò sì ní fi í sílẹ̀. Ó ń bẹ̀rù yín, kò bẹ̀rù mi.

Ẹ̀yin ẹ di apá bálíkónì mú. Èmi ni n ó máa fẹ̀yìn rìn sọ̀kalẹ̀.