Ìjókòó Keje

[Fóònù ń dún. Ìyá Bùsírátù, aláró àgbà ní Ìtòkú, wo ojú rẹ̀: Motúnráyọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé l'Ékòó ni. Ó mí kanlẹ̀ kó tó gbé e.]

MOTÚNRÁYỌ̀: Màámi, ẹ kú àárọ̀ o! Ṣé ẹ jí dáadáa?

ÌYÁ: A dúpẹ́, Ráyọ̀ mi. Ọkọ ẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ó tó, ó dàbọ̀—

MOTÚNRÁYỌ̀: Ẹ dúró ná! Ṣé ẹ ti lo oògùn BP?

ÌYÁ: Oògùn wà.

MOTÚNRÁYỌ̀: Níbo?

ÌYÁ: Lórí tábìlì.

MOTÚNRÁYỌ̀: Iyọ̀ ńkọ́?

ÌYÁ: Èmi àti iyọ̀ ti kọ ara wa sílẹ̀.

MOTÚNRÁYỌ̀: Kí ló dé tí ohùn yín ń dún bí ẹni tó wà nínú kànga?

ÌYÁ: Network ni. Ṣé o gbọ́ mi?

MOTÚNRÁYỌ̀: Mo gbọ́ yín. Exercise tí nọ́ọ̀sì kọ́ yín ńkọ́? Kẹ́ ẹ jókòó, kẹ́ ẹ dìde, lẹ́ẹ̀mẹwàá?

ÌYÁ: Mo ti jókòó dé ìkeje.

MOTÚNRÁYỌ̀: Ó ku mẹ́ta nìyẹn. Ẹ dìde.

ÌYÁ: [ó bú sẹ́rìn-ín] Dídìde gan-an lọ̀rọ̀ wà.

MOTÚNRÁYỌ̀: Màámi!

ÌYÁ: Nọ́ọ̀sì ní àga líle, kí n má di nǹkan kan mú. Àga tímùtímù tó o rà fún mi, bí ìgbà téèyàn jókòó sórí ẹ̀bà ni! Mo bá lọ sẹ́yìnkùlé, mo gbé pákó dé ìkòkò aró, bí a ti í ṣe jókòó nígbà tá a wà lẹ́nu iṣẹ́—

MOTÚNRÁYỌ̀: Ìkòkò ìyá àgbà?

ÌYÁ: Aró ti jẹ pákó lábẹ́, mi ò mọ̀. Ó kán. Ìdí wọlé, orúnkún há sẹ́nu ìkòkò. Aró ṣẹ́kù nísàlẹ̀ o! Ìdí mi ti di àdìrẹ báyìí, ó ku kí wọ́n sá a.

[Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ìkérora.]

MOTÚNRÁYỌ̀: Láti ìgbà wo?

ÌYÁ: Àwọn ọmọ iléèwé ṣì ń kọjá lọ.

MOTÚNRÁYỌ̀: Aago mọ́kànlá ti kọjá! Ẹ ò sì pe ẹnikẹ́ni?

ÌYÁ: O ní bí mo bá tún ṣubú, o máa kó mi wá sí Èkó. Mi ò ṣubú o. Mo jókòó ni.

MOTÚNRÁYỌ̀: Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?

ÌYÁ: Mi ò mọ̀ ọ́n lára mọ́.

MOTÚNRÁYỌ̀: Jésù! Mo ti ń bọ̀ wá kí yín tẹ́lẹ̀, mo ti dé Owódé. Mò ń fi fóònù kejì pe Kọ́ládé, káfíńtà ẹ̀gbẹ́ ilé yín, kó fo fẹ́ǹsì, kó fọ́ ìkòkò—

ÌYÁ: Kó fọ́ kí ni? Ìkòkò tó rán ẹ lọ sí yunifásítì? Kó rọra yẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́!

MOTÚNRÁYỌ̀: Wọ́n rì í mọ́lẹ̀ dé ìdajì, Màámi. Ṣé ẹ— [ìlà ń já] —gbọ́ mi?

[Ẹnìkan já lu ilẹ̀ gbì. Ohùn ọkùnrin: “Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o! Ibo ni kí n ti gbá a?”]

ÌYÁ: Kọ́ládé, dúró! Ráyọ̀, gbọ́. Mo yọ̀ǹda ìkòkò ìyá mi. Ṣùgbọ́n ẹ fi ilé mi sílẹ̀ fún mi. Mi ò lè wá máa ka ògiri l'Ékòó. Sọ pé o ò ní gbé mi lọ.

MOTÚNRÁYỌ̀: Màámi, ìlera yín là ń—

ÌYÁ: Sọ ọ́! Ṣé o gbọ́ mi?

MOTÚNRÁYỌ̀: Mo gbọ́. Màámi, mo—

[Òòlù ba ẹnu ìkòkò.]

ÌYÁ: O ní kí ni? Ráyọ̀? Ṣé o gbọ́—

[Ìlà já.]