Irú Ni Mo Fi Bo Epo Náà Mọ́lẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ má tíì bú mi, ẹ kà á tán ná. Irú ni mò ń tà ní Bantè. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ìgbà tí ọkọ̀ Bàbá Mùmíní ti jóná lójú ọ̀nà Savalou. Ọkọ mi pàápàá kò mọ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́ báyìí nítorí pé lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ kí ọkùnrin náà jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe.

Awakọ̀ takisí ni Bàbá Mùmíní. N kò tíì rí awakọ̀ tó ń ṣọ́ra bíi tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ takisí wa ni èrò kò lè ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ láti inú, àfi kí awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá ṣí i. Òun kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó so okùn pupa mọ́ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan nínú, bí o bá fà á, ilẹ̀kùn á ṣí. Kí a tó gbéra, á ní kí gbogbo wa fà á wò. Á ní, "Bí mo bá ní ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ fi ẹrù sílẹ̀. Iná ọkọ̀ kì í dúró de ẹni tó ń wá bàtà." A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa obìnrin ọjà ń pè é ní Lèmọ́mù Olókùn.

Epo kpayo, ìyẹn bẹntiróòlù tí wọ́n ń kó wá láti Nàìjíríà tí a ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, kì í wọ ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn mìíràn ń gbé e pọ̀ mọ́ èrò, òun kò jẹ́. Ńṣe ló máa ń tẹ orí sórí ẹrù kọ̀ọ̀kan, á fi imú fà á bí ìyálé tó ń yẹ ọbẹ̀ ìyàwó tuntun wò.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n burúkú ti wọ inú mi. Àbúrò mi ọkùnrin ń ta epo náà ní Koko. Ọjà rẹ̀ ti tán, ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun gbé bídọ̀n kan, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì epo, bọ̀ láti Savalou tí mo ti lọ ra irú. Mo gbé bídọ̀n náà sí ìsàlẹ̀ agbọ̀n, mo fi ewé bò ó, mo sì kó irú tútù lé e lórí. Ẹ̀yin náà mọ òórùn irú. Bàbá Mùmíní tẹ orí sí i, ó fi imú fà á, ó sì yára gbé orí kúrò.

Ó ní, "Ìyá Ṣẹ́gun, irú yín yìí á jí òkú o!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù.

Lójú ọ̀nà, ọkọ̀ kó sí kòtò, ó fò sókè. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ òórùn epo. Èmi nìkan ló fura, nítorí irú ti gba imú gbogbo èrò. Ó yẹ kí n pariwo. Ẹ jọ̀ọ́, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Mo sọ fún ara mi pé a ò ní pẹ́ dé. Mo dákẹ́.

Epo ń jò gba ihò ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ó ń kán sórí páìpù èéfín tó gbóná. Kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀, iná ti yọ lábẹ́ àga ẹ̀yìn. N kò mọ̀ pé iná ọkọ̀ máa ń yára tó bẹ́ẹ̀. Kò dà bí iná ààrò tí ènìyàn ń fẹ́ kó tó ràn. Àga ràn, òkè ọkọ̀ ràn, ike tó ti yọ́ ń kán lé wa lórí, èéfín dúdú sì dí wa lọ́fun. Bàbá Mùmíní ti dúró, ó ń kígbe, "Okùn! Ẹ fa okùn!" A kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ti mọ ibi tí okùn wà. Ilẹ̀kùn ṣí, a já bọ́ sílẹ̀.

Ó ku ìyá àgbà kan láti Bobè. Àpò iṣu ti há ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ àga. Àwa yòókù ń sá lọ. Bàbá Mùmíní sáré padà, ó fi ọwọ́ lásán gbé àpò tó ń jó, ó sì fa màmá náà jáde. Kò pẹ́ rárá tí gbogbo ọkọ̀ fi di iná. Ká ní ilẹ̀kùn wa dà bíi ti àwọn takisí tó kù ni, eérú wa ni wọn ì bá kó. Mo máa ń gbọ́ pé ọkùnrin wà. Ọjọ́ yẹn ni mo rí ọkùnrin.

Ó jókòó sórí koríko, awọ ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Ẹ mọ ohun tó sọ fún mi? "Ìyá Ṣẹ́gun, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Gbogbo irú yín ló jó."

Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n rí àjókù bídọ̀n nínú eérú. Wọ́n ní òun ló gbé epo pọ̀ mọ́ èrò, ẹgbẹ́ awakọ̀ sì lé e kúrò ní gáréèjì. Èmi wọ sùtánà funfun lọ́jọ́ Ìsinmi, mo jó níwájú ìjọ, mo dúpẹ́ pé Ọlọ́run yọ mí nínú iná tí èmi fúnra mi fà.

Bàbá Mùmíní ń roko kaṣú ní Akpassi báyìí. Ọwọ́ rẹ̀ ti jinná. Àwọn awakọ̀ ọ̀dọ́ ti ń so okùn pupa mọ́ ilẹ̀kùn wọn, ẹni tó kọ́kọ́ so ó kò sì lè wakọ̀.

Ẹgbẹ́ ti ní kó wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kó jẹ́wọ́ pé òun gbé epo, kó tọrọ àforíjì, àwọn á gbà á padà. Ó kọ̀. Ìyàwó rẹ̀ fi omijé wá bá mi pé kí n bá òun bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́wọ́. Èmi! Mo sì lọ.

Ó wò mí, ó ní, "N kò gbé epo, Ìyá Ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n ẹnìkan gbé e, imú mi kò sì gbọ́ ọ. Bóyá mo ti darúgbó. Bóyá kò tiẹ̀ yẹ kí n kó ènìyàn mọ́."

N kò tíì sùn dáadáa láti ìgbà náà. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ilé rẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ lọ, àbí kí n dìde níwájú àwọn awakọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀? Ẹ sáà má ní kí n dákẹ́. Bí ẹ bá sì pàdé rẹ̀ kí n tó dé ibẹ̀, ẹ bá mi sọ fún un pé imú rẹ̀ kò tàn án. Èmi ni mo tàn án.